Kọ́kọ́rọ́ Kan Náà

Kọ́kọ́rọ́ tó kọ́kọ́ bàjẹ́ ní ilé èrò Àǹtí Caroline ni ti ilẹ̀kùn iwájú. Jíbówú ni ilé náà wà, létí ibi tí àwọn ọkọ̀ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ti ń gbé èrò. Ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀, tàbí ẹni tó bá ti òkè wá pẹ̀lú ẹrù tí kò mọ ibi tó máa gbé e sí, ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn. Èmi ni mo ń bójú tó ilé. Ilẹ̀kùn iwájú yẹn kì í sinmi. Ẹni tó gbé ẹrù lérí á fi ìbàdí tì í, ẹni tó fa ọmọ lọ́wọ́ á fi ẹsẹ̀ gbá a, àwọn alábàárù á sì rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Kọ́kọ́rọ́ tí Àǹtí Caroline rà síbẹ̀ rí roboto bí ọsàn, ó sì ń dán bíi wúrà. Kò pẹ́ tí wúrà náà fi ṣí kúrò lára rẹ̀ tí irin dúdú yọjú lábẹ́, tí roboto náà wá ń yí lọ́wọ́ ẹni bí orí adìyẹ tí wọ́n ti fà lọ́rùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ilé ìwẹ̀, tí omi jẹ. Ti yàrá kejì kán mọ́ èrò kan lọ́wọ́: ìdajì wà nínú ihò, ìdajì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bi mí pé èwo nínú méjèèjì ni kí òun fi ṣí i. Bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, Àǹtí Caroline á ní kí a ra òmíràn, a ó sì ra èyí tí a bá rí, bó bá ṣáà ti ń dán. Nígbà tó yá, kò sí ilẹ̀kùn méjì nínú ilé náà tí kọ́kọ́rọ́ wọn jọra. Òmíràn ń yí sí ọ̀tún, òmíràn ń yí sí òsì, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kó tó gbà. Èmi nìkan ni mo mọ ìwà gbogbo wọn. Bí mo bá lọ sọ́jà, àwọn èrò á jókòó lórí ẹrù wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí màá fi dé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú mi. Kí n tó dé ilé èrò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àbúrò bàbá mi ní Mùṣín ni mo ń sùn. Ẹní mi wà lójú ọ̀nà tí gbogbo ayálégbé ń gbà lọ sí ilé ìwẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tò tẹ̀ léra ní ìdájí, nítorí pé orí mi ni wọ́n ń fò kọjá. Bàbá télọ̀ ló máa ń ṣíwájú, òun nìkan ló sì ń sọ pé "pẹ̀lẹ́." Ìyàwó rẹ̀ á tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀, á sì bi mí bóyá mi ò rí ibòmíràn nà án sí. Bí òjò bá gba apá gọ́tà wọlé, màá ká ẹní, màá dúró ti ògiri títí yóò fi dá. Láti orí ẹní yẹn ni mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Yábàá. Omi ba ìwé mi jẹ́, mo sá a sí ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ sì jẹ ojú ewé tí mo fẹ́ fi ṣe ìdánwò. Mo ṣe ìdánwò náà láìka ojú ewé yẹn, mo sì yege.

Ọmọ Iléṣà ni Àǹtí Caroline, aṣọ ló ń tà, òun àti ìyá mi sì jọ ṣòwò nígbà tí ìyá mi wà láyé. Òun ló mú mi kúrò ní Mùṣín. Ó fi mí sí iṣẹ́, ó sì fún mi ní yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn gẹ́gẹ́ bí ara owó iṣẹ́ mi. Bí mo bá na ara tán nínú yàrá náà, orí mi á kan ògiri, ẹsẹ̀ mi á kan ilẹ̀kùn, àwọn èrò á sì máa gun àtẹ̀gùn lókè orí mi. Ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀kùn. Mo lè tì í láti inú. Èmi tí mo ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, mi ò tíì sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo tì fúnra mi rí.

Àkàngbé kápẹ́ńtà, tó ń gbé ní Mùṣín, ló ń bá wa tún àwọn kọ́kọ́rọ́ náà ṣe. Ó jù mí lọ dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì mú. Lọ́jọ́ tí ti ilẹ̀kùn iwájú dákẹ́ pátápátá, ó tú u, ó mì í létí, ó sì gbé e lé ilẹ̀.

"Àrínọlá, kọ́kọ́rọ́ yìí ò bàjẹ́ o. Ó ti kú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe, Bọ̀dá."

"Ṣé mo jọ Jésù lójú rẹ ni, tí màá máa jí òkú dìde?" Ó fi òòlù tọ́ ọ wò. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kọ́kọ́rọ́ tó yẹ yàrá ìyá àgbà tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, òun lẹ gbé síbi tí gbogbo Jíbówú ń gbà kọjá. Ṣé aṣọ Kérésì lèèyàn fi ń roko?"

A jọ jókòó lórí àtẹ̀gùn, a sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Mo sọ ohun tí mo ti rí fún un: pé àwọn tí ibi tí à ń dì mú lára wọn yàtọ̀ sí ihò tí à ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ń pẹ́ ju àwọn oníroboto lọ, àti pé èyí tí wọ́n kàn mọ́ ojú igi máa ń ṣí bí èrò bá fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Òun náà ní ilẹ̀kùn tó bá ti wọ̀lẹ̀ lórí ínjì, irin tó gbé e mọ́ férémù, ló ń pa kọ́kọ́rọ́, pé a gbọ́dọ̀ fi ínjì mẹ́ta gbé ilẹ̀kùn iwájú dúró ká tó sọ̀rọ̀ ohun mìíràn. Ó ní irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ inú igi sí ló yẹ wá, kí inú rẹ̀ jẹ́ idẹ, kí ahọ́n rẹ̀ nípọn, kí irin tí ahọ́n náà ń wọ̀ lára férémù sì gùn. Mo lọ ro gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Caroline. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọdún tí gbogbo Èkó ń múra àjọ̀dún ńlá ti àṣà ilẹ̀ adúláwọ̀ ní Ìgànmú ni. Àwọn oníṣẹ́ iná àti àwọn tó ń kun ilé ti ń gba yàrá lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ń sọ pé àlejò ń bọ̀ láti ilẹ̀ gbogbo. Àǹtí Caroline fẹ́ kí ilé òun wà ní mímúra. Àárín ìgbà náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ kú ní Iléṣà. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀, dírẹ́bà ti ń fọn fèrè, kó tó yọ orí síta.

"Àrínọlá! Sọ fún Àkàngbé kó lọ ra kọ́kọ́rọ́ yẹn. Èyí tó lágbára. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ni mo fẹ́ ní gbogbo ilẹ̀kùn, mi ò fẹ́ oríṣiríṣi mọ́. Kan náà, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Kí ni mo wí?"

"Ẹ ní kọ́kọ́rọ́ kan náà, ní gbogbo ilẹ̀kùn, mà."

"Ó dáa."

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọmọ tó bá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún iṣẹ́ tí àgbà rán an, tàbí tó bá yọ kúrò níbẹ̀, ìyà ló ń jẹ. Mo dé Mùṣín, mo sì sọ ọ́ fún Àkàngbé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́.

Ó lọ sí Ìdúmọ̀tà, ó sì gbé wọn dé nínú páálí. Mo gbé ọ̀kan lọ́wọ́, ọwọ́ mi sì wálẹ̀. Kò dán. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò irin àtijọ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yí i, ahọ́n rẹ̀ á jáde láìpariwo, á wọlé láìpariwo. Àkàngbé gbẹ́ inú igi, ó yí ínjì padà, ó de gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, títí kan ti yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Kọ́kọ́rọ́ méjì méjì ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi okùn so wọ́n pọ̀. Mo gé páànù wẹ́wẹ́, mo fi ìṣó lu nọ́ńbà yàrá sí wọn lára, mo so wọ́n mọ́ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kan fún èrò, ọ̀kan fún mi.

Nígbà tí Àǹtí Caroline ti Iléṣà dé, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó tì í, ó tún un ṣí, bí ọmọdé. Ó ní kí Àkàngbé wá jẹun. Lọ́jọ́ Àìkú, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn onílé méjì sì wá wò ó. Èrò ń wọlé, èrò ń jáde. Wọ́n fi ìbàdí tì í, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a, kọ́kọ́rọ́ náà ò sì mira.

Ìgbà náà ni Àǹtí Ìdíátù dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Oníbàárà wa ni, ó máa ń wá ra aṣọ tó ń lọ tà nílé. Ó gba yàrá karùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, ó kó ìdì aṣọ méjì wálé ní òwúrọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì padà sọ́jà. Ọ̀sán ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè.

"Àrínọlá! Ìwọ Àrínọlá! Ta ló kó ẹrù mi?"

Mo sáré gòkè. Ilẹ̀kùn wà bó ṣe yẹ kó wà. Fèrèsé wà ní títì láti inú. Yàrá ṣófo, àfi bàtà rẹ̀ nílẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti ilẹ̀kùn?"

"Àbí kí lo rò pé mo so mọ́ ìdí bí ìlẹ̀kẹ̀ yìí?" Ó fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ, ó nà án sí mi lójú. "Mo tì í! Mo sì bá a ní títì!"

Wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ sájẹ́ǹtì tó wá kò le. Ó kúnlẹ̀, ó yẹ ilẹ̀kùn wò, ó fi ọwọ́ pa igi férémù. Kò sí ojú ibi tí wọ́n ti fi irin yọ ọ́, kò sí ojú ibi tí wọ́n ti já a.

"Kọ́kọ́rọ́ tó dáa nìyí," ó ní. "Kò sẹ́ni tó lè já èyí. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló ní?"

"Méjì ni, sà," ni mo dáhùn.

"Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá yìí. Èkejì ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ mi ló wà, sà."

Gbogbo wọn yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wọ yàrá mi. Wọ́n da àpótí ìyá mi sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: aṣọ rẹ̀ tí mi ò tíì lè wọ̀, ìwé ẹ̀rí mi, àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi. Èrò kan tó fẹ́ jáde fi ẹsẹ̀ yẹ̀ wọ́n. Wọn kò rí nǹkan kan, sájẹ́ǹtì sì ní kí n máa wá fi ara hàn ní àgọ́ wọn ní àràárọ̀ títí wọ́n fi máa mọ òótọ́. Àǹtí Caroline dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ pé mo ṣe é, kò sì sọ pé mi ò ṣe é.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ á dúró. Àwọn obìnrin á fa báàgì mọ́ra. Sìmíátù, tó ń ta bàtà tó sì ń gbé yàrá keje, bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni ń kí adẹ́tẹ̀.

Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́rọ̀, ariwo bẹ́ sílẹ̀ lókè.

"Ẹ gbà mí o! Olè o! Ọkùnrin wọ yàrá mi o!"

"Ta ni olè? Ìwọ ni kí ló gbé ọ dórí bẹ́ẹ̀dì mi?"

"Bẹ́ẹ̀dì ta? Alákọrí yìí, bẹ́ẹ̀dì ta?"

Theophilus ni. Oníṣẹ́ iná ni, Ìgànmú ló ti ń ṣiṣẹ́, yàrá kẹta ló sì ń gbé nísàlẹ̀. Ibi ìkómọ kan ló ti ń bọ̀, ó ti mu yó, ó sì ti gun àtẹ̀gùn tí kò yẹ kó gùn. Sìmíátù ti fi ìró wé àyà, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Obìnrin, mo sanwó o! Kọ́kọ́rọ́ mi ni mo fi ṣí ilẹ̀kùn mi!"

"Keje nìyí, kẹta ni tìẹ! Ṣé ẹmu ti pa nọ́ńbà rẹ́ lójú rẹ ni?"

"Bọ̀dá Theo, ẹ kú oríire!" ni ẹnì kan ké láti ìsàlẹ̀. "Ẹ ti rí ìyàwó láìsan owó orí!"

Ilé rẹ́rìn-ín. Sìmíátù yíjú sí mi. "Àbí ìwọ lo wá ṣí ilẹ̀kùn mi sílẹ̀? Mo tì í kí n tó sùn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀!" Wọ́n fa Theophilus lọ sísàlẹ̀, ó ṣì ń pariwo pé kọ́kọ́rọ́ òun ló ṣí i. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́, ọ̀mùtí ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́nu ihò, ó ṣì ń mì, páànù mi sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kẹta.

Nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá, mo mú kọ́kọ́rọ́ yàrá kìíní. Mo fi ṣí yàrá kejì, tó ṣófo. Ó ṣí láìpariwo. Mo fi ṣí yàrá kẹrin. Mo fi ṣí yàrá karùn-ún tí Àǹtí Ìdíátù ti kó kúrò. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá kìíní sí i. Ó yí bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tó ti wọ ilé yẹn sùn láti ìgbà tí Àkàngbé ti de kọ́kọ́rọ́ náà ló ti ní kọ́kọ́rọ́ yàrá mi lápò. Mo ti ń ti ilẹ̀kùn lálaalẹ́, inú mi sì ti ń dùn.

Mo ránṣẹ́ pe Àkàngbé. Ó dán ọ̀kan wò, ó dán èkejì wò, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Àrínọlá, kí lo ní kí n rà?"

"Kọ́kọ́rọ́ kan náà."

"Kí ni mo rà?"

"Kọ́kọ́rọ́ kan náà," mo tún wí.

"Ọmọ Ìbò tó tà á fún mi béèrè o. Ó ní, 'Ṣé kan náà lẹ fẹ́, àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?' Mo ní kan náà ni wọ́n rán mi. Ó ní àwọn iléèwé ló máa ń ra irú rẹ̀, kí ọ̀gá lè fi ẹyọ kan ṣí gbogbo kíláàsì. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí ṣe fẹ́ ẹ, kí ìwọ náà yé gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ kiri."

Ohun tó wà lára ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ni à ń pè é. Èyí tí à ń mú lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ náà ni. Àǹtí Caroline ń sọ tara ilẹ̀kùn, ọlọ́jà gbọ́ tọwọ́, èmi sì gbé e láàárín wọn bí mo ṣe gbà á. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wa.

Mo lọ bá Àǹtí Caroline nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń ká aṣọ, kò sì dáwọ́ dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Bọ̀dá Àkàngbé nìkan ló mọ̀, mà."

"Má sọ fún ẹlòmíràn."

"Mà, wọ́n ní olè ni mí."

"Mo gbọ́. Màá fi aṣọ tẹ́ Ìdíátù lọ́rùn. Sájẹ́ǹtì yẹn náà, màá bá a sọ̀rọ̀, ẹjọ́ á tán. Wàá wà nínú yàrá rẹ. Kí lo tún fẹ́?"

"Orúkọ mi ńkọ́, mà?"

Ó wò mí nígbà yẹn. "Orúkọ? Àrínọlá, ta ló mọ orúkọ rẹ ní Jíbówú? Èrò ni wọ́n. Ọ̀la wọ́n á wọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹyọ kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí gbogbo yàrá ilé mi, ta ló máa sùn síbẹ̀? Àjọ̀dún rèé lẹ́nu ọ̀nà."

"A lè pààrọ̀ wọn, mà."

"Kọ́kọ́rọ́ tó dáa báyìí? Tí kò tíì ṣe nǹkan kan?" Ó gbé aṣọ mìíràn. "Lọ sílé. Bo ṣe ń lọ sí àgọ́ láàárọ̀, máa lọ. Kò ní pẹ́ tán."

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn: kí n dákẹ́, kí n jẹ́ olè tó ní ilẹ̀kùn, tàbí kí n sọ̀rọ̀, kí n jẹ́ olóòótọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹlòmíràn. Mo rò ó. Mo rántí ẹní mi ní Mùṣín àti omi gọ́tà tó máa ń kọ́kọ́ tutù ní ẹ̀yìn ọrùn ẹni. Mo tún rántí báàgì tí àwọn obìnrin ń fà mọ́ra bí mo bá ń kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ wá sílé láti tún bi Àǹtí Ìdíátù ní nǹkan kan, nítorí Àǹtí Ìdíátù ti padà wá ń béèrè ẹrù rẹ̀. Àǹtí Caroline wà níbẹ̀. Àwọn èrò ń mu ògì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jáde láti yàrá mi pẹ̀lú ẹyọ kọ́kọ́rọ́ kan.

"Ẹ dákun, sà, ẹ wo èyí. Ti yàrá kìíní ni, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀."

"Àrínọlá," ni Àǹtí Caroline wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo ṣí yàrá kejì. Mo tì í. Mo ṣí yàrá kẹta, Theophilus sì dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ wú. Wọ́n tẹ̀ lé mi gòkè, gbogbo wọn, àwọn mìíràn ṣì gbé ife ògì lọ́wọ́. Mo ṣí ìkẹrin. Mo ṣí ìkarùn-ún. Mo ṣí ìkẹfà. Nígbà tí mo dé ìkeje, Sìmíátù fa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yọ láyà, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ṣí yàrá tèmi. A gbọ́ tó ń ké láti ìsàlẹ̀: "Ó ṣí o! Ó ṣí!"

"Gbogbo wọn ló ń ṣí ara wọn, sà," mo ní. "Ẹnikẹ́ni tó wà nínú ilé yìí lọ́jọ́ náà ló lè wọ yàrá Àǹtí Ìdíátù. Kì í ṣe èmi nìkan."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ara mi ti fúyẹ́. Àǹtí Ìdíátù ti ara rẹ̀ mọ́ ògiri, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi, ó sì wo ojú mi. Kò pariwo bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Báwo lo ṣe mọ̀?" ó ní.

"Ìjà Àìkú ni, Àǹtí, nígbà tí Bọ̀dá Theophilus…"

"Rárá. Gbogbo ilé ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìjà yẹn, wọ́n sọ ọ́ fún mi. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀."

Mo rí i bó ṣe ń wọ̀ wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kọ́kọ́rọ́ kan bá ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa lò ó. Ọkùnrin kan tí mi ò tilẹ̀ mọ̀, èrò Ọ̀yọ́ tó dé lánàá, mi orí. "Òun ló mọ igun gbogbo ilé," ó ní fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ń pa irùngbọ̀n. Ó ní òun ò lè mú mi, òun ò sì lè ní kí wọ́n má sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní kí n má wulẹ̀ wá sí àgọ́ mọ́.

Kó tó di ọ̀sán, èrò yàrá mẹ́rin ti kó jáde. Àǹtí Caroline dúró títí ẹni tó gbẹ̀yìn fi gbé ẹrù rẹ̀ lérí.

"Àbí èmi ni mo ní kó ra ẹyọ kan fún gbogbo ilẹ̀kùn?" ó bi mí. "Irú kan náà ni mo wí."

"Kọ́kọ́rọ́ kan náà lẹ wí, mà. Ẹ ní kí n tún un wí, mo sì tún un wí."

"O tún un wí!" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ọmọ tó ka ìwé! Ṣé ìyá rẹ ò sọ fún ọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ ni? Mo rán ọ níṣẹ́, o gbé e lọ bí ẹni gbé òkúta. O ò lè lo orí rẹ lójú ọ̀nà? Ìyá rẹ ì bá lò ó."

Bí mo bá ti fi ọgbọ́n tèmi kún iṣẹ́ náà, tó sì bàjẹ́, òwe mìíràn wà tí yóò fi bá mi wí. Fún ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́, òwe kò wọ́n.

Ó ní kí n fi yàrá sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo di ẹrù mi. Ó na ọwọ́, ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wá, méjèèjì. Mo kó wọn fún un. Ó wo nọ́ńbà ara wọn dáadáa kó tó sọ wọ́n sínú àpò.

Ọ̀dọ̀ Mabel ni mo lọ, ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. A jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Yàrá kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ ní, wọ́n sì fi aṣọ pín igun kan fún mi. Ọkọ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan sí mi rí, ṣùgbọ́n bí mo bá wà nílé, ó máa ń gbé rédíò rẹ̀ jáde lọ síta, á sì gbé e wọlé bí mo bá jáde. Mo rí iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan. Wọn ò béèrè ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mi ò sì sọ.

Àjọ̀dún ti kọjá lọ nígbà tí Àkàngbé wá bá ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣe bẹ́ǹṣì. Ó rí mi, ó sì yà wọlé. Mo bu omi fún un.

"Ilé ti kún padà o," ó ní. "Àǹtí ní kí n kan àgádágodo kékeré lé gbogbo ilẹ̀kùn láti ìta. Àwọn kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó ní kí n má tú wọn. Kò sì sí ọ̀kan tó bàjẹ́. Ilẹ̀kùn iwájú, o ò rí i, bí ọjọ́ tí mo dè é ló ṣì rí."

"Ó dáa," mo ní.

Ó mu omi náà tán. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Wọ́n sì ní kò sí nǹkan tó sọnù níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí o ti lọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn nǹkan lásán. Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi í bóyá ó fẹ́ omi sí i, ó ní rárá, ó ti tó.